Ṣé Kí A Fi Púpọ̀ Ra Ẹyọ Kan, Tàbí Kí A Kó Púpọ̀ Jọ?

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ ní ìpàdé oṣooṣù ti ẹ̀ka Shika

  

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Apá kan wí pé kí a kó gbogbo owó tí ó wà nínú àpò ẹgbẹ́, kí a sì fi owó oṣù ọdún méjì tí ń bọ̀ kún un, kí a fi rán ọmọ kan ṣoṣo tí ó mọ̀wé jù lọ sí òkè òkun, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Apá kejì wí pé kí a pín in fún ọmọ púpọ̀: kí àwọn kan lọ sí Yunifásítì Ahmadu Bello, kí àwọn kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, kí àwọn mìíràn sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bí a ti ń jiyàn lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀yin àgbà, ìjà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jà lọ́dọọdún lórí bọ́ọ̀lù wọn ni ẹ ń jà yìí.” Inú bí àwọn kan sí i. Inú kò bí èmi. Mo lọ bá a nílé, mo ní kí ó ṣàlàyé, lẹ́yìn náà ni mo wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín kí a tó dìbò.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn Super Eagles ń gbá. Èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ jù síra wọn ni. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú àjọ wọn, tí wọ́n ń pè ní NFL. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ẹgbẹ́ tí ó bá lówó jù lè ra ọmọ tí ó bá wù ú. Lọ́dọ̀ tiwọn, kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti yunifásítì bọ̀. Ní oṣù April lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ á máa yan àwọn ọ̀dọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé èkejì, ní ìpele méje. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe burúkú jù ní ọdún tí ó kọjá ni ó ní àyè àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ni ó ní àyè ìkẹyìn nínú ìpele. Draft ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni Bert Bell, ọ̀gá ẹgbẹ́ Philadelphia, ni ó mú àbá náà wá ní 1935, kí àwọn ẹgbẹ́ olówó má baà máa kó gbogbo ọmọ tí ó dára lọ. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní February 1936. Ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn lọ́jọ́ náà, Jay Berwanger, kò gbá bọ́ọ̀lù nínú àjọ náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wàyí o, àyè tí ẹgbẹ́ kan ní láti yan ọmọ, ohun ìní rẹ̀ ni. Ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Kódà, ó lè fi àyè ọdún tí ń bọ̀ san gbèsè lónìí. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn kan a máa kó àyè púpọ̀ fún ẹlòmíràn kí wọ́n lè gun òkè lọ yan ọmọ kan tí ojú wọn ti wà lára rẹ̀. Àwọn kan a máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, wọn a fi àyè gíga kan gba àyè kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta, wọn a sì kó wọn jọ. Àwa tí a ń gbé Shika níbí, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn wà, tí a sì ti mú irú adìyẹ tí wọ́n ń pè ní Shika Brown jáde, ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣòro fún wa. Ẹnì kan ta gbogbo adìyẹ rẹ̀, ó fi ra màlúù kan. Ẹnì kejì ta màlúù rẹ̀, ó fi kó adìyẹ sílé. Ta ni ó gbọ́n?

Yorùbá ti sọ̀rọ̀ fún apá méjèèjì. Ẹni tí ó fẹ́ màlúù yóò wí pé ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú ni í mi igbó kìjikìji. Ẹni tí ó fẹ́ adìyẹ yóò wí pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Òwe méjèèjì ni ó jẹ́ òótọ́. Nítorí náà, òwe nìkan kò lè bá wa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ tí etí yín mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní April 2024, ẹgbẹ́ New York Jets ni ó ní àyè 10, ẹgbẹ́ Minnesota sì ní àyè 11. Minnesota ń fẹ́ ọ̀dọ́ kan tí ń ju bọ́ọ̀lù, J.J. McCarthy, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ẹlòmíràn má gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fún Jets ní àyè 11, àyè 129 àti àyè 157, wọ́n gba àyè 10 àti àyè 203. Jets sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan péré. Ta ni wọ́n wá yàn ní àyè 11? Olúmúyìwá Fashanu, ọmọ tí ó jáde ní yunifásítì Penn State, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ilé rẹ̀ wà. Wọ́n rí ọmọ gidi mú, wọ́n sì tún rí èlé lórí rẹ̀. Ní ti McCarthy, orúnkún rẹ̀ farapa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan ní gbogbo sáà 2024. Èmi kò wí pé ọmọ náà kò dára. Ohun tí mo wí ni pé orúnkún kò mọ iye tí a san.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1999, Mike Ditka ni olùkọ́ àwọn New Orleans Saints. Ọmọ kan wà ní Texas tí ń jẹ́ Ricky Williams, tí ó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó dára jù lọ ní 1998. Ditka ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó kó àyè mẹ́fà, gbogbo èyí tí ó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún náà, ó fi àyè ìpele kìíní àti ìpele kẹta ti ọdún 2000 lé e, ó kó gbogbo rẹ̀ fún Washington kí ó lè gun òkè láti àyè 12 dé àyè 5. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà yàn ní gbogbo ọdún yẹn. Ní òpin sáà, wọ́n borí nínú ìdíje 3, wọ́n pàdánù 13. Wọ́n lé Ditka kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó sì di ọdún 2000, àyè tí ó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀, tí ó ti di ti ẹlòmíràn, ni àyè kejì ní gbogbo ilẹ̀, nítorí pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe burúkú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ricky Williams mọ bọ́ọ̀lù. Ní 2002, nígbà tí ó ti kúrò lọ sí Miami, òun ni ó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù lọ nínú gbogbo àjọ náà. Ọmọ náà kò ní ẹ̀bi. Ẹgbẹ́ tí ó borí nínú ìdíje 6 péré ní 1998 kò nílò ẹnì kan ṣoṣo. Ilé wọn ti jò káàkiri, wọ́n sì lọ ta gbogbo páànù kí wọ́n lè ra ilẹ̀kùn kan tí ó rẹwà.

Ẹ̀kẹta ni ó wọ̀ mí lára jù, nítorí pé nínú ilé kan náà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2021, ẹgbẹ́ San Francisco gun òkè láti àyè 12 dé àyè 3. Wọ́n fi àyè 12 náà sílẹ̀, pẹ̀lú àyè ìpele kìíní ti 2022 àti ti 2023, àti àyè ìpele kẹta kan. Trey Lance ni wọ́n fi rà. Ìgbà mẹ́rin péré ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún wọn. Ní ọdún 2022, ọmọ 262 ni gbogbo ẹgbẹ́ yàn, San Francisco ni ó sì ní àyè ìkẹyìn pátápátá. Ẹni tí ó bá wà ní àyè yẹn, àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ yẹ̀yẹ́ kan fún un, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Aláìjámọ́-nǹkan. Brock Purdy ni ọ̀gbẹ́ni ti ọdún yẹn. Nígbà tí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ farapa, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Ní February 2024, òun ni ó kó wọn dé ìdíje àṣekágbá. Ní ti Lance, wọ́n ti fi í fún Dallas ní August 2023, wọ́n sì gba àyè ìpele kẹrin kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ọmọ tí a fi àyè ìpele kìíní mẹ́ta rà kò lè dúró. Ọmọ tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó gbé ilé ró.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Cade Massey àti Richard Thaler, ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2013. Thaler yìí kan náà ni ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀-ajé ní 2017. Wọ́n mú ọmọ méjì tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí pápá, tí wọ́n yàn tẹ̀lé ara wọn, wọ́n bèèrè bóyá ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ni ó dára jù nígbẹ̀yìn. Ìdáhùn wọn ni pé ó fi díẹ̀ péré ju kí a sọ kọ́bọ̀ sókè lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn olùyàn yìí kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ń wo ọmọ sáré, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń bi àwọn olùkọ́ rẹ̀ léèrè, owó tí wọ́n ń ná sórí rẹ̀ kò kéré. Síbẹ̀, ojú wọn kò tó ibi tí wọ́n rò pé ó tó. Ní ọdún 2000, Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ jáde ní yunifásítì Indiana pẹ̀lú orúnkún tí ó ti farapa. Gbogbo ìpele méje kọjá, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀. Miami gbà á wọlé láìyàn án. Ní 2003, ìgbà 15 ni ó gbé ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù bọlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní apá àjọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, n kò tíì sọ òótọ́ tán, nítorí pé àjànàkú wà lóòótọ́. Ní 2017, ẹgbẹ́ Kansas City gun òkè láti àyè 27 dé àyè 10. Wọ́n fi àyè 91 àti àyè ìpele kìíní ti 2018 kún un. Patrick Mahomes ni wọ́n mú. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú rẹ̀ ní February 2020, ní 2023 àti ní 2024. Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí New Orleans? Èkíní, ilé wọn ti dúró tẹ́lẹ̀: ní 2016, wọ́n borí nínú ìdíje 12, wọ́n pàdánù 4 péré. Èkejì, wọn kò tú àpò wọn dànù. Ọdún 2017 náà ni wọ́n tún yan Kareem Hunt ní ìpele kẹta, òun ni ó sì gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù lọ nínú àjọ ní ọdún náà. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àgbà tí ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́, Alex Smith, nítorí náà ọmọ náà fi ọdún kan wò, kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e lórí.

Bákan náà, kíkó jọ nìkan kì í ṣe ọgbọ́n. Ní 2016, ẹgbẹ́ Cleveland sọ̀kalẹ̀ láti àyè 2 dé àyè 8, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ dé àyè 15, wọ́n sì yan ọmọ 14 ní ọdún kan. Emmanuel Ogbah, tí a bí ní Èkó, wà lára wọn. Ní sáà náà, wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan péré. Ní 2017, wọn kò borí rárá, wọ́n pàdánù 16 nínú 16. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń bẹ níbí mọ̀ pé èbù tí a kó sí ẹ̀yìn ilé kì í di iṣu. A ní láti kọ ebè, kí a ta á, kí a sì roko rẹ̀.

Ta wá ni ó mọ ọ̀nà náà dáadáa? Lójú mi, Dallas ni. Ní 12 October 1989, wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń fẹ́, Herschel Walker. Wọ́n fi í fún Minnesota, wọ́n gba agbábọ́ọ̀lù 5 àti àyè púpọ̀, mẹ́ta nínú àwọn àyè náà jẹ́ ti ìpele kìíní. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n borí ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n wọn kò jókòó ti àyè wọn bí ahun ti ń jókòó ti owó. Ní 1990, wọ́n mú àyè 21 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Minnesota, wọ́n fi àyè ìpele kẹta kan lé e, wọ́n gun òkè díẹ̀ dé àyè 17, wọ́n sì yan Emmitt Smith. Kò sí ẹni tí ó tíì gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o nínú ìtàn àjọ náà. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ fún sáà 1992, 1993 àti 1995. Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ti tò ó: wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, lẹ́yìn náà, láti inú ohun tí wọ́n kó jọ, wọ́n gun òkè ní ìgbésẹ̀ kékeré.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a padà wá sí Shika. N kò kẹ́gàn àwọn tí ó fẹ́ kí a rán ọmọ kan. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Kò sí ìdílé kan nínú ìpàdé yìí tí kò tíì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lálẹ́, tí ó ń gbàdúrà pé, “Ọlọ́run, ì bá jẹ́ pé a ní tiwa kan nínú ilé yìí.” Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé bàbá mi fún yín.

Bàbá mi ta oko kòkó kan kí ẹ̀gbọ́n mi àgbà lè lọ sí ilé-ìwé. Àwa mẹ́rin tí ó kù jókòó sílé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé. Àìsàn ni ó dá a padà ní ọdún kejì. Oko ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé lọ̀, ni ó dìde, ó wá sí Zaria, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra àlùbọ́sà lọ tà ní ìlú wa. Òun ni ó san owó ilé-ìwé mi. Ìdí tí mo fi lè dúró ka ìwé yìí sí yín létí lónìí nìyẹn. Bàbá mi kò yan ọmọ burúkú. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ná gbogbo ohun tí ó ní sórí yíyàn kan, kò sì ṣẹ́ nǹkan kù fún ọjọ́ tí yíyàn náà bá kọsẹ̀.

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́rin wá.

Èkíní, kí a má ṣe fi ọwọ́ kan owó ọdún tí ń bọ̀. Èbù wa ni. Àwọn ọmọ tí yóò jókòó ìdánwò ní ọdún méjì sí i wà nínú ilé yín báyìí, a kò sì mọ èyí tí ó wà nínú wọn. New Orleans kò mọ̀ pé àyè tí wọ́n tà yóò di èkejì ní gbogbo ilẹ̀.

Èkejì, kí a pín èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ó wà nílẹ̀ fún ọmọ púpọ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kí a má sì yọ ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ní January 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn kò kọ́kọ́ jókòó láti wá àwọn ọmọ tí orí wọn pé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ. Ọ̀pọ̀ àwa tí a wà níhìn-ín, ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn bàbá wa tàbí àwa fúnra wa gbà wọlé.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò máa bẹ àwọn ọmọ náà wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà rí fún wa bí ó ti rí fún Cleveland. Ọmọ tí a san owó fún, tí a kò wò mọ́, èbù ẹ̀yìn ilé ni.

Ẹ̀kẹrin, kí a ya apá kan sọ́tọ̀ fún àjànàkú. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá fi ara rẹ̀ hàn lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kí a gun òkè díẹ̀ nítorí rẹ̀, bí Dallas ti ṣe. Bí iṣẹ́ dókítà ni ó wù ú, ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ọ wà ní Zaria níbí. Kò di dandan kí a kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí gbogbo wa fọkàn sí lónìí ṣì di dókítà. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ mìíràn, tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ìpàdé yìí, tí ń bá ìyá rẹ̀ tọ́jú ẹrù ọjà, tí a kò tíì bi í léèrè orúkọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ọ̀nà púpọ̀ sílẹ̀.

 Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ju wá lọ. Alága, mo fi àbá náà lé yín lọ́wọ́.